Rótífà ò dúró ya fọ́tò

Fọ́tò mọ́kànlélógójì ló wà nínú fóònù ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ láàbù wa ní Ìbàdàn. Ó ń ṣí wọn hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo rí nínú gbogbo wọn ni omi aláwọ̀ ewé, gíláàsì tó dọ̀tí díẹ̀, àti nǹkan kan tó dà bí èéfín tó fẹ́ gba ojú fèrèsé jáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí èéfín yẹn wà, rótífà ni." Mo gbà á gbọ́, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ojú ara mi rí àwọn ẹranko wẹ́wẹ́ inú omi yìí lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ni kò gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dá ìwé rẹ̀ padà.

Iṣẹ́ máástà ló ń ṣe lórí oúnjẹ ọmọ ẹja àrọ̀. Àwọn tó ń pa ẹyin àrọ̀ mọ̀ pé ẹnu ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kéré, pé ohun tó ń rìn nínú omi ló sì máa ń wù ú jẹ. Artemia, edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀, tí wọ́n fi ń bọ́ ọ, inú agolo ló ń bá dé, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Great Salt Lake ní Utah, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Bí dọ́là bá ti fò, òun náà á fò. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń da ìgbẹ́ adìyẹ sómi títí omi á fi di ewé, kí rótífà àti Moina, ẹranko omi kékeré mìíràn, lè pọ̀ níbẹ̀. Bàsíà mẹ́fà ni ọmọbìnrin yìí ń lò fún rótífà tí wọ́n ń pè ní Brachionus calyciflorus. Ó fẹ́ kí àwòrán fi iye ẹyin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan so mọ́dìí hàn, bí ikùn rẹ̀ ṣe kún tó, àti bí irun orí rẹ̀ ṣe ń gbá oúnjẹ sẹ́nu. Irun wẹ́wẹ́ yẹn ń jù síwá jù sẹ́yìn débi pé ojú èèyàn á ní wílì ni ó ń yí. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ, nítorí "ẹni tó gbé wílì dání" ni rótífà nínú èdè Látìnì. Odidi ẹranko náà kò ju nǹkan bí 0.2 mìlímítà lọ.

Fọ́málíìnì, oògùn tí a fi ń pa ẹran mọ́ kó má jẹrà, ni ó kọ́kọ́ lò, bí ìwé ṣe wí. Rótífà tí fọ́málíìnì bá ti kàn á fa orí wọ èèpo bí ahun. Wílì ti wọlé, irun ti wọlé, ohun tó kù sórí gíláàsì kò yàtọ̀ sí kóró èso, ẹyin mìíràn á sì ti já kúrò lára ìyá rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi omi sódà mú wọn sùn ná kí wọ́n tó da fọ́málíìnì sí i, ìyẹn sì dára fún ẹni tó fẹ́ kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn kì í jẹun, jíjẹun gan-an ló sì fẹ́ yà. Lẹ́yìn ìyẹn ó gbìyànjú methylcellulose, tó ń mú omi ki bí ògì. Rótífà rọra ń rìn lóòótọ́. Irun rẹ̀ náà wá ń wọ́ nínú ògì yẹn, àwòrán tó jáde sì ń pa irọ́ nípa bí wílì náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo sọ fún un pé kó pa á tì.

Mo fún un ní bébà, mo ní ká jọ ṣírò. Rótífà lè rin ìdajì mìlímítà sí odidi mìlímítà kan ní sẹ́kọ́ńdù kan. Ẹ jẹ́ ká fi sí odidi kan. Lábẹ́ iná máíkírósíkóòpù wa, 1/60 sẹ́kọ́ńdù ni fóònù rẹ̀ fi ń la ojú. Kí ojú yẹn tó padé, ẹranko náà ti rin nǹkan bí máíkírómítà 17, ìyẹn bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún tí a mú mẹ́tàdínlógún níbẹ̀. Lẹ́ńsì 10x wa, tí NA rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí lẹ́ńsì ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) jẹ́ 0.25, lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun méjì tí àlàfo wọn jẹ́ nǹkan bí máíkírómítà 1.3. Ìrìn rótífà ti pa ohun tí lẹ́ńsì ń rí rẹ́ ní ìlọ́po tó ju mẹ́wàá lọ. Ti lẹ́ńsì 40x tún burú jùyẹn, torí ó ń rí ohun tó tó ìdajì máíkírómítà. Ẹ̀bi fóònù kọ́. Kámẹ́rà olówó ńlá á kàn ya èéfín olówó ńlá fún un ni.

Leeuwenhoek, ọkùnrin ayé àtijọ́ tó fi lẹ́ńsì tó ṣe fúnra rẹ̀ ń wo ohun wẹ́wẹ́, tó kọ lẹ́tà ní 1674 nípa ohun tó rí nínú omi adágún Berkelse Mere, nítòsí Delft ní Netherlands, kò ní wàhálà yìí. Ó ń wò, ó sì ní ẹni tó ń bá a fi ọwọ́ ya ohun tó rí. Ojú èèyàn ń tẹ̀ lé ẹranko, kámẹ́rà kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìrònú ẹnikẹ́ni ni pé kí a fi iná kún iná, kí ojú kámẹ́rà lè tètè padé. A tan gílóòbù máíkírósíkóòpù dé òpin. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ omi abẹ́ gíláàsì ti ń gbóná, ó sì ń gbẹ. Gíláàsì ìbòrí wá ń wálẹ̀ lórí àwọn ẹranko náà títí ó fi tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ. A ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kú. Ó dùn mí, n ò ní parọ́. Lọ́jọ́ kejì ó ní ká tan fláàṣì fóònù. Mo jẹ́ kó tàn án kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i: iná ẹ̀yìn fóònù kì í ṣe fláàṣì bí ti orí kámẹ́rà, tọ́ọ̀ṣì tó tàn fún ìgbà díẹ̀ ni.

Nígbà náà ni ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, ayàwòrán òde ìyàwó ní àdúgbò wọn, pẹ̀lú kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan àti fláàṣì tó ń jẹ bátìrì kékeré mẹ́rin. Ọmọ náà kò fojú kan máíkírósíkóòpù rí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó wo inú rẹ̀, ó sì kígbe pé, "Bàbá, àwọn wọ̀nyí ń jó o!"

Máíkírósíkóòpù oníná tuntun kò gba fláàṣì, nítorí iná rẹ̀ ti há sínú ìdí. Mo wọ sítọ́ọ̀, mo gbé ògbólógbòó kan jáde, èyí tó ní díńgí nísàlẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ojú burúkú wò. Díńgí kò bìkítà ibi tí iná ti wá. A yọ lẹ́ńsì tí à ń fi ojú wò, a fi ọ̀pá irin láàbù gbé ara kámẹ́rà dúró sórí ọ̀pọ́n rẹ̀, láìsí lẹ́ńsì kámẹ́rà kankan, a fi ike dúdú dí àárín méjèèjì. Àwòrán tí lẹ́ńsì 10x yà ń bọ́ sójú kámẹ́rà tààrà, à ń wò ó lórí síkíríìnì.

Ẹ̀ẹ̀kan la tan fláàṣì láti òkè. Gíláàsì ìbòrí dá a padà sí wa, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. A gbé e sí ìsàlẹ̀, ó kọjú sí díńgí, agbára rẹ̀ pé. Ó tún funfun. Ni ọmọbìnrin yìí bá ń ki bébà A4 sáàárín fláàṣì àti díńgí, ọ̀kan, méjì, ó fi dé méje. Nígbà yẹn ni ìmọ́lẹ̀ tó wá ṣe déédéé, ni a sì rí rótífà gidi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: èèpo rẹ̀ hàn, ẹyin méjì hàn nídìí. A pariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fà á súnmọ́ra lórí síkíríìnì, orí rẹ̀ ṣì ń rú èéfín. Ara ti dúró, wílì kò dúró. A ya bí ogójì sí i, bákan náà ni gbogbo wọn.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ronú rẹ̀. Ayàwòrán ló ní, "Àǹtí mi, bátìrì ti ń kú lọ o, mo sì ní òde lọ́la. Ẹ jẹ́ n fà á wálẹ̀ sí 1/64 agbára rẹ̀, ká yọ bébà kúrò." Bátìrì ló ń ṣọ́. A yọ bébà, ó ku ẹyọ kan. Àwòrán tó tẹ̀ lé e ni mo tẹ̀ sára ògiri láàbù títí di òní. Irun orí rótífà náà ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ bí imọ̀ ọ̀pẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, wóró ewé omi kan sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò tíì gbé mì.

Ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí ló wá yàtọ̀? Ẹ rántí òru òjò tí mànàmáná bá kọ. Bí ẹnìkan bá ń sáré kọjá ní títì, ẹ ó rí i tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ère. Ẹ ó rí ẹ̀kán òjò tó so rọ̀ láfẹ́fẹ́. Pé mànàmáná mọ́lẹ̀ kọ́ ló mú wọn dúró, oòrùn ọ̀sán náà mọ́lẹ̀. Pé ó ti kú kí ẹni náà tó gbé ẹsẹ̀ kejì ni. Fláàṣì orí kámẹ́rà pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ bá fà á wálẹ̀, kì í ṣe pé iná rẹ̀ di bàìbàì: ó ń tàn bí ó ṣe ń tàn, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ló ń tètè gé e, bí ẹni tó ṣí ẹ̀rọ omi tó sì tì í kíá. Nínú irú fláàṣì wọ̀nyí, agbára tó pé máa ń tàn fún nǹkan bí 1/900 sẹ́kọ́ńdù. Ní 1/16, ó tó 1/10,000. Ní 1/64, ó lè kúrú ju 1/30,000 lọ. Bébà méje tí a kì sí i dín ìmọ́lẹ̀ kù, kò sì gé ìgbà kúrú rárá. Ìgbà ni rótífà fi ń sá mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ ò rò pé a ti gbọ́n níbẹ̀? Ọ̀sẹ̀ kejì ẹnìkan yá wa ní fláàṣì sítúdíò, ńlá kan tó ń lo iná NEPA. Èmi alára ni mo sọ pé tí a bá fà á wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, yóò kúrú ju ti kékeré lọ. A fà á wálẹ̀. Èéfín padà. A tún un ṣe, èéfín. Ọmọbìnrin yìí ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè bóyá mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ìgbà tí mo wá jókòó ka ìwé ẹ̀rọ náà ni mo mọ àṣìṣe mi. Púpọ̀ nínú fláàṣì sítúdíò irú ti àtijọ́ kì í gé iná. Ńṣe ni wọ́n ń dín iná tí wọ́n kó sínú kù, wọn á sì jẹ́ kí ó tán fúnra rẹ̀. Korobá tí a bu omi díẹ̀ sí nìyẹn, tí a wá lu ihò sí nídìí: omi rẹ̀ kéré, kì í ṣe pé ó tètè gbẹ, èyí tó kù ń kán tó, tó, tó. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí agbára bá ṣe ń wálẹ̀ ni ìgbà ń gùn sí i. Nọ́ńbà tí wọ́n sì ń tẹ̀ sẹ́yìn páálí máa ń jẹ́ t0.5, tó ń ka kìkì ìgbà tí iná ṣì wà lókè ìdajì rẹ̀, tó sì fi ìrù sílẹ̀. Ìgbà tó ká ìrù mọ́ ọn, t0.1, lè gùn tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ẹ béèrè t0.1 kí ẹ tó náwó. A dá fláàṣì ńlá padà fún olówó rẹ̀.

Ìṣòro tó kù wá láti ọwọ́ tọ́ọ̀ṣì. A kò lè rí ẹranko nínú òkùnkùn, nítorí náà tọ́ọ̀ṣì kan gbọ́dọ̀ máa tàn kí a fi wá wọn. Tọ́ọ̀ṣì yẹn ló fún wa ní iwin: rótífà tó mú kedere pẹ̀lú òjìji pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ojú kámẹ́rà wa ń là fún 1/160 sẹ́kọ́ńdù. Kò ṣeé dín púpọ̀, nítorí tó bá ju ibi tí kámẹ́rà àti fláàṣì ti ń pàdé lọ, apá kan àwòrán á dúdú. Láàárín 1/160 yẹn tọ́ọ̀ṣì ń ya fọ́tò tirẹ̀. Bí a ṣe yanjú rẹ̀ ni pé a pa fláàṣì, a ya àwòrán kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì nìkan. Bí ohunkóhun bá hàn, a dín tọ́ọ̀ṣì kù títí gbogbo rẹ̀ fi dúdú kirikiri. Láti ọjọ́ náà, òun la fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àárọ̀.

Bí iná méjì ṣe lè gba ojú díńgí kan, gíláàsì férémù fọ́tò tó fọ́ ló ṣe é. A gbé e dúró gẹ̀gẹ́rẹ̀ ní dígírì 45 níwájú díńgí. Tọ́ọ̀ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá tààrà. Fláàṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gíláàsì ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́wàá iná rẹ̀ sínú díńgí. Ìdá mẹ́wàá kéré, nítorí náà a gbé fláàṣì sókè sí 1/16. Nǹkan bí 1/10,000 sẹ́kọ́ńdù ni ìyẹn. Láàárín rẹ̀, rótífà tó ń sáré tete kò lè rìn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírómítà. Ó tó wa, ó sì kù.

Ohun kan wà tí a kò gbàdúrà fún tó sì bá a wá. Láàbù wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, tábìlì á máa gbọ̀n, àwòrán orí síkíríìnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. A ti máa ń dúró kí jẹnẹrétọ̀ kú kí a tó ṣiṣẹ́. Fláàṣì kò mọ̀ pé tábìlì ń gbọ̀n. Ó ń jẹ bátìrì rẹ̀, ó ń ṣe tirẹ̀ lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọmọ láàbù kan tó gbọ́ ohun tí à ń ṣe, tó sì fẹ́ tú fláàṣì inú kámẹ́rà àtijọ́ kan kó lè ki túùbù rẹ̀ sábẹ́ kọ̀ndẹ́ńsà, ìyẹn lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ máíkírósíkóòpù tó ń kó iná jọ sára ohun tí à ń wò. Ó yọ bátìrì, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ohun tó ń tọ́jú iná nínú fláàṣì lè di nǹkan bí fóltì 300 mú lẹ́yìn tí bátìrì ti kúrò níbẹ̀. Ó gbá a, ó jù ú sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ sì kú fún bí wákàtí kan. Ẹ má tú fláàṣì. Ẹ má sì so fláàṣì ayé àtijọ́ mọ́ kámẹ́rà tuntun láìwádìí, nítorí iná tí àwọn mìíràn ń dá padà sí orí kámẹ́rà lè jó inú rẹ̀. Bí máíkírósíkóòpù yín bá ní ojú ìwòran mìíràn yàtọ̀ sí ibi tí kámẹ́rà wà, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú síbẹ̀ nígbà tí fláàṣì bá fẹ́ tàn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, iye fọ́tò tó dára ṣì kéré. Ọ̀rọ̀ iná ti tán, ó ku ọ̀rọ̀ ọdẹ. Ohun tí lẹ́ńsì 10x lè mú kedere lọ́gbọọgba kò nípọn ju nǹkan bí máíkírómítà mẹ́wàá. Rótífà tó bá lọ sókè díẹ̀ tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ ti sọnù, kò sí fláàṣì tó lè gbà á. Ọmọbìnrin yìí ń fi ọwọ́ lé wọn káàkiri, ó ń yí bọ́tìnì, ó ń pẹ́. Mo ní kó jókòó. Ọdẹ tó mọ ojú ọ̀nà kì í sáré tẹ̀ lé ẹran. A já fọ́nrán òwú méjì mẹ́ta sínú ẹ̀kán omi náà láti fi ṣe ọgbà, a fi ìpara Vaseline sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gíláàsì ìbòrí kó má bàa tẹ̀ wọ́n pa, a sì rọra tẹ̀ ẹ́ títí àyè abẹ́ rẹ̀ fi ku díẹ̀ ju ìnípọn rótífà lọ. Nígbà tí wọn kò ráàyè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ mọ́, ibi tí òwú ti pàdé ni wọ́n ń dúró sí láti jẹun. Ó fi ojú kámẹ́rà síbẹ̀, ó ń retí. Lọ́jọ́ yẹn ó ya igba ó lé mẹ́wàá, mẹ́tàdínlógún dára. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ju ẹyọ kan lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó dé kọ̀ndẹ́ńsà rẹ̀ díẹ̀, kó má ṣí i gbayawu, nítorí ẹranko wọ̀nyí kò ní àwọ̀, òjìji ni a fi ń rí wọn. Kó má dé e jù, torí fláàṣì ń fi gbogbo ìdọ̀tí hàn pẹ̀lú òrùka yíká rẹ̀. Kó fi kámẹ́rà sí ìtò àfọwọ́ṣe, kó má lo irú ètò fláàṣì tó ń jẹ́ kí ojú kámẹ́rà yára ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní HSS. Iná wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ léra ni ìyẹn, ìgbà rẹ̀ sì tún gùn. Ọmọbìnrin náà fẹ́ kí ẹ̀yìn àwòrán kan dúdú fún ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. A gé bébà dúdú roboto sábẹ́ kọ̀ndẹ́ńsà, rótífà náà sì tàn bí ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n irú ìyẹn ń jẹ iná, fláàṣì gòkè dé 1/4, wílì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín díẹ̀. A dá a padà sí 1/16, a gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mọ iná lára tó, sókè sí 1600, a fara mọ́ ìyẹ̀pẹ̀ tó hàn nínú àwòrán. Mo fẹ́ ìyẹ̀pẹ̀ ju èéfín lọ, òun kò fẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ọ̀gá rẹ̀ gba àwòrán náà. Ó béèrè irú aró tó fi pa ikùn wọn láwọ̀ ewé. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ ni.

Vorticella, ẹ̀dá wẹ́wẹ́ mìíràn tó fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ nǹkan, ṣì wà nínú bàsíà kẹrin. Okùn ìdí rẹ̀ máa ń ká bí sípíríǹgì kí ìdá ọgọ́rùn-ún sẹ́kọ́ńdù kan tó pé. Fláàṣì wa lè mú un dúró ní àárín kíká yẹn, ọwọ́ wa lórí bọ́tìnì ni kò yá tó. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, fọ́tò méjì la ní: ọ̀kan kí ó tó ká, ọ̀kan lẹ́yìn tó ti ká tán.